Bí A Ṣe Tún Ọkọ̀ Fáíbà Àlòkù Ṣe fún Iṣẹ́ Ẹja ní Etíkun Ìlàjẹ

Tí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ fáíbà àlòkù láti fi pẹja lójú òkun, ìdí ọkọ̀ náà ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, níbi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀dà tí ń dán àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún ni wọ́n ń sanwó lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni pákó tí ó wà nínú ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ojú kò rí, ni yóò pinnu bóyá àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò padà sílé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti ń pẹja láti kékeré ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èkó, a sì tún un ṣe ní Ìgbókọ̀dá. Mo fẹ́ kọ ohun tí a bá nínú rẹ̀ àti bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń béèrè irú ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ wa ń pọ̀ sí i, àwọn tí ń tà á kì í sì í sọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀.

Ọkọ̀ náà jẹ́ tòkunbọ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 23, ìgbafẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún nílùú òyìnbó. Èyí hàn lára rẹ̀: ìjókòó onítìmùtìmù wà nínú rẹ̀, gíláàsì wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì gé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ó lè rọrùn fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ láti gùn ún. Apẹja kò nílò ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó rí ṣónṣó láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń la ìgbì kọjá, kì í fi àyà gbá a.

N kò sọ èyí láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ̀ pákó. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ ní ilẹ̀ wa. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí gbogbo ará ìlú ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan náà nígbà náà, ọkọ̀ kíkàn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi gbajúmọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ti gba ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà lọ báyìí, ó sì dùn mí dé ọkàn. Ṣùgbọ́n pákó tó dára ti wọ́n gógó, ọkọ̀ pákó sì ń fẹ́ kí a máa dí ojú ìpàdé àwọn pákó rẹ̀ lóòrèkóòrè kí omi má baà máa jò wọlé. Ọkọ̀ fáíbà tí a bá tún ṣe dáadáa kò ní béèrè ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ń kan ọkọ̀ pákó gan-an ni a sì pè láti bá wa ṣe é, nítorí pé ojú wọn mọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń rẹ̀ kí ó tó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa òkun tí ọkọ̀ náà ń lọ. Etíkun Ìlàjẹ kò ní yanrìn funfun bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, omi rẹ̀ sì máa ń rú. Òfin iṣẹ́ ẹja lórí òkun ti ọdún 1992 ya máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́, tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 9 láti etí omi, sọ́tọ̀ fún àwa tí ọkọ̀ wa kéré, kò sì gba àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń fa àwọ̀n nílẹ̀ òkun láyè níbẹ̀. Inú ààyè yẹn ni a ti ń pa ẹja bíi ṣáwá, àpò àti ọ̀bọ̀kún. Ààyè náà lè jọ èyí tí kò jìnnà, ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ìgbì bá ń tọ ìgbì lẹ́yìn, kìlómítà 9 yìí tó láti fi ọkọ̀ tí kò lágbára hàn. Ìdí nìyí tí a kò fi lè lo ọkọ̀ ìgbafẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Kí a tó sanwó ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹ̀yìn òòlù kan gbogbo ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ́tí. Fáíbà tí ara rẹ̀ le máa ń dáhùn kó-kó-kó. Ibi tí pákó inú rẹ̀ ti jẹrà máa ń dáhùn bù-bù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dára, ìsàlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìdí ọkọ̀, ohùn yí padà láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń jókòó títí lọ sí ìsàlẹ̀. A fi ẹ̀rọ tín-ín-rín lu ihò kékeré sí i láti inú, nítòsí ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń rọ̀ sí. Tí pákó bá gbẹ, èérún rẹ̀ yóò jáde ní àwọ̀ igi, yóò sì máa fẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́. Tiwa jáde ní dúdú, ó tutù, ó sì rọ̀ bíi pòròpórò àgbàdo tí òjò ti pa. Ẹni tó ń tà á sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ọ̀dà nìkan ló kù. A fi ohun tó jáde nínú ihò náà dúnàá-dúrà, ó sì bù lára owó rẹ̀ fún wa.

Kí ló fa ìjẹrà yìí? Omi kì í gba inú fáíbà wọlé. Ojú ihò bóòtù ló máa ń gbà. Ẹnì kan ti gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ, ó lu ihò, ó fi bóòtù dè é, kò sì fi ohunkóhun dí ẹ̀gbẹ́ ihò náà kí omi má lè ráyè. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n, ihò ń fẹ̀, omi ń wọlé, pákó tí fáíbà bò níwájú àti lẹ́yìn kò sì rí ibi tí yóò ti gbẹ. Lójú mi, kò sí àléébù tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó èyí, kò sì sí èyí tó léwu jù ú lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ìdí ọkọ̀ bá ya mọ́ lábẹ́ yóò wọ inú òkun lọ, ìgbì yóò sì gba ojú ibẹ̀ wọlé.

Inú ni a ti gé fáíbà náà, a kò fọwọ́ kan ti ìta, kí ọkọ̀ má baà pàdánù bí ó ṣe rí. A fi ìfágé àti òòlù wú gbogbo pákó tó ti jẹrà, a sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà onípáànù, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí òjò kò sì lè dé, títí tí fáíbà náà fi gbẹ tán. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe, nítorí pé tí a bá lẹ pákó tuntun mọ́ ara tí ó ṣì ní ọ̀rinrin, ńṣe ni a dá ìjẹrà mìíràn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi gíráńdà ha ojú rẹ̀ títí tí dídán rẹ̀ fi lọ tán. Résìnì tuntun, ìyẹn oje tí a fi ń lẹ fáíbà tí ó sì máa ń gan, kò ní di ògbólógbòó fáíbà mú tí ojú rẹ̀ bá ń dán. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a gé, a ha á kí ó máa tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀: tí fáíbà bá nípọn tó ìwọ̀n 1, ìgẹ̀rẹ́ náà yóò gùn tó ìwọ̀n 12, kí tuntun àti àtijọ́ lè fara mọ́ra wọn níbi tó fẹ̀.

Pílíwúùdù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ni a lò, méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 18, a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó wọ́n ju ti inú ilé lọ, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í tú nínú omi. Kí a tó gbé e wọlé ni a ti fi résìnì kun gbogbo ara rẹ̀, pàápàá ẹnu ibi tí a gé, torí pé ibẹ̀ ni igi ti máa ń mumi.

Ọ̀rọ̀ résìnì fẹ́ sùúrù. Kátálíìsì, ìyẹn oògùn tí a ń pò mọ́ ọn kí ó lè gan, kì í ju bí 1 sí 2 lọ nínú 100, ṣùgbọ́n nínú ooru tiwa, bí 1 tó, nítorí pé résìnì tí kátálíìsì bá pọ̀ nínú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì gan nínú ike kí a tó kùn ún tán. Òwúrọ̀ ni a ń ṣiṣẹ́ yìí, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń pò ó. Tí a bá kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ fáíbà náà sórí pákó, funfun ni. Bí rólà ṣe ń tẹ résìnì wọ inú rẹ̀, funfun náà ń lọ, títí tí ènìyàn yóò fi máa rí pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ kedere. Ibikíbi tó bá ṣẹ́kù ní funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, a ní láti padà fi rólà tẹ̀ ẹ́ jáde kí ó tó gan. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì wo ojú iṣẹ́ náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè fi àwọn ibi náà hàn án. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é: ẹ bo imú yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan kátálíìsì láìfi gíláàsì bo ojú, nítorí pé bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀ inú ọkọ̀, a bá fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa léfòó. Ó ti mu omi yó. Ọkọ̀ tí ń gbé omi kiri lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa jẹ epo láìnídìí, a sì kó gbogbo rẹ̀ dànù, a fi irú èyí tí kì í fa omi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wá sọ ọ́ di ọkọ̀ apẹja. Ìjókòó àti gíláàsì kúrò. A gbé ìdí ọkọ̀ sókè kí ó lè gba ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó íǹṣì 20, kí irin pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ lọ lè wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí a ṣe gbé e sókè yìí tún wúlò lọ́nà mìíràn: ìgbì tó bá ń lé ọkọ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn kò lè fò wọlé bí ó ti lè ṣe tẹ́lẹ̀. A tún mọ ògiri kékeré síwájú ẹ́ńjìnnì, kí omi tó bá bọ́ síbẹ̀ lè gba ihò padà sínú òkun láìdé ibi tí àwọ̀n wà. Igi ìrókò ni a fi yí etí ọkọ̀ ká, torí pé àwọ̀n tí a ń fà wọlé láràárọ̀ yóò ha fáíbà náà títí yóò fi lu. Èyí ni àbá àwọn tí ń kan ọkọ̀, mo sì gbà pé òun ló yí ọkọ̀ náà padà jù lọ lójú ẹni tó ń lò ó.

Yamaha alágbára ẹṣin 40, irú tí a ń pò ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ (two-stroke), àlòkù bákan náà, ni ẹ́ńjìnnì wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ epo jẹ, ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì ní Ìgbókọ̀dá tí kò mọ inú rẹ̀, kò sì ṣòro láti rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Kí a tó rà á, a wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. A tú ọ́ìlì gíà rẹ̀ díẹ̀ sínú ike: tí ọ́ìlì náà bá funfun bí omi mílíìkì, omi òkun ti ń wọ inú gíà, kí onílàákàyè máa lọ sílé. Tiwa mọ́. Rọ́bà tí ń fa omi wọ inú ẹ́ńjìnnì láti tù ú ni a yí padà lójú ẹsẹ̀, a sì ra òmíràn pamọ́ sínú ọkọ̀, torí pé omi ẹlẹ́rẹ̀ etíkun wa máa ń jẹ rọ́bà yìí kíákíá, ẹ́ńjìnnì tí kò bá sì rí omi fà yóò gbóná títí yóò fi há. A kan irin síńkì (zinc) tuntun mọ́ ọn, kí omi iyọ̀ lè máa jẹ síńkì dípò ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe kun síńkì náà ní ọ̀dà. Tí ọ̀dà bá ti bò ó, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ bẹntiróòlù jẹ́ lítà 1 sí 50, ìyẹn ìdajì lítà nínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye tí a ń ná sórí epo ló ń pinnu bí a ṣe máa jìnnà tó. Wáyà iná kò gba àkókò púpọ̀: a yan èyí tí wọ́n fi tánńganran bo bàbà inú rẹ̀, a sì fi iná pupa sí apá òsì, àwọ̀ ewé sí apá ọ̀tún, funfun sí ẹ̀yìn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àjẹ̀, ìdákọ̀ró àti ike ìgbọ́nmi kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ bí ó ti wù kí ẹ̀rọ ìfami dára tó.

Nígbà tí a dè ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, gbogbo ihò bóòtù ni a kọ́kọ́ lù kí ó fẹ̀ jù, a fi résìnì dí i, a sì tún ihò náà lù sí àárín résìnì náà, kí bóòtù má baà kan pákó rárá. Bóòtù náà jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, a sì fi ìlẹ̀mọ́ tí kò ń tú nínú omi yí i ká. Kí a tó gbé e lọ sójú òkun, a kó àpò yanrìn sínú rẹ̀ tó ìwọ̀n àwọ̀n, ẹja àti ènìyàn, a wà á lórí omi Ìgbókọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ lé ìdí ọkọ̀ bí mo ṣe ń tẹ epo, láti mọ̀ bóyá ó ń mì. Kò mì. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ti òkun dé ni a tún mú àwọn bóòtù náà le, nítorí pé pákó tuntun máa ń jókòó díẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ohun tó kù nísinsìnyí ni àpótí yìnyín, tí a máa fi fáíbà mọ sí àárín ọkọ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí àpò àti ọ̀bọ̀kún lè dé ọjà Ìgbókọ̀dá ní tútù.