Píà mi ti rọ̀ o!
Níjọ́ ìjẹta mo tẹ píà tí mo rà, ó le bí òkúta, inú bí mi, mo fẹ́ sọ ọ́ nù, màmá mi ní kí n fi sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, pé afẹ́fẹ́ ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kó tètè rọ̀, torí píà kì í rọ̀ lórí igi, àfi tí wọ́n bá já a. Láàárọ̀ yìí ó ti rọ̀ bíi bọ́tà! Mo jẹ ààbọ̀, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èyí tó kù kó má baà dúdú. Inú mi tó máa ń há, tí kì í jẹ́ kí n rí ìgbẹ́ yà, fáíbà (èròjà oúnjẹ tó ń mú kí ìgbẹ́ rọrùn) ló nílò, 100 gíráàmù píà sì ní bíi 7 gíráàmù fáíbà. Màmá mi ṣeun gan-an.