Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn Láti Fi Dán Ọ̀dà Ọkọ̀ Mi

Nígbà tí mo pinnu láti máa dán ọ̀dà ọkọ̀ mi fúnra mi nílé, ohun tí mo kọ́kọ́ wò kì í ṣe iye owó ẹ̀rọ, bí kò ṣe bí orí rẹ̀ ṣe ń yí. Èyí tí wọ́n ń pè ní rotary máa ń yí lójú kan, nítorí náà ooru tètè ń kó jọ, ó sì lè jó ọ̀dà, pàápàá ní etí ilẹ̀kùn àti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́. Dual action ní tirẹ̀ ń yí, ó sì tún ń mì kiri lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Òun ni mo yàn, ó sì dá mi lójú pé òun ló yẹ ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.

Mo mú èyí tí ìmì rẹ̀, ìyẹn bí orí rẹ̀ ṣe ń mì jìnnà tó, jẹ́ mílímítà 8 dípò 15, nítorí ọkọ̀ kékeré ni tèmi. Kí ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ wo iye wáàtì ẹ̀rọ náà, bóyá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè gbé e, kí ó tó sanwó.