Ẹ̀rù Ń Bà Mí, Mo sì Gbẹ́kẹ̀ Lé E

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé kò nígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dá kún ẹrù onítọ̀hún ni.

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn mi. Dókítà ṣàlàyé dáadáa: iṣan tó ń darí ohùn wà nítòsí ibi tí wọ́n máa gé, ohùn èèyàn sì lè yí padà. Èmi tí mò ń lé Sáàmù nígbà Mísà láti kékeré ní ìlú Ọ̀rọ̀! Lọ́sàn-án, bí mo bá ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà l'Ọ́jà-Ọba, ara mi a balẹ̀ díẹ̀. Òru ni wàhálà. Màá la ẹnu, màá kọrin sínú òkùnkùn, kí n lè mọ̀ pé ohùn náà ṣì wà.

Ibi tí mo fara tì ni ọgbà Gẹtisémánì, ohun ìjìnlẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ti ìbànújẹ́ tí a máa ń ṣàṣàrò lé nínú Rósárì, àdúrà onílẹ̀kẹ̀ àwa ìjọ Àgùdà. Máàkù kọ ọ́ pé àyà Jésù já, ó sì bẹ Baba rẹ̀ pé kó mú ife yẹn kúrò. Lúùkù ní áńgẹ́lì kan yọ sí i, ó fún un lókun. Èèyàn á rò pé ìrora ti tán nìyẹn. Ẹ wo ẹsẹ tó tẹ̀ lé e: lẹ́yìn tí áńgẹ́lì wá ni òógùn rẹ̀ ń kán bí ẹ̀jẹ̀, tó túbọ̀ ń gbàdúrà kíkankíkan. Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ o! Ta ló fẹ́ sọ pé òun náà kò nígbàgbọ́?

Fadá wa ti fi òróró yàn mí níwájú orí àti lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyá mi bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n rí i, torí láyé ìgbà tiwọn, ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pe Fadá fún. Fadá fara balẹ̀ ka ìwé Jákọ́bù orí 5 fún wọn, níbi tó ti ní kí aláìsàn pe àwọn alàgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n fi òróró kùn ún. Alààyè ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi nu ojú wọn, wọ́n ṣe àmín.

Ẹ̀rù náà kò lọ. Àmọ́ mo ti lè parí àdúrà mi báyìí. Tẹ́lẹ̀, ibi “mú ife yìí kúrò” ni mo máa ń dúró sí. Ní báyìí, mò ń fi “ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ” kún un, bí omijé tilẹ̀ ń bọ́.

Alhaja tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àwọn á dárúkọ mi ní àsálátù. Ẹ̀yin náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Bí ẹ bá ń ka Rósárì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi “Mo kí ọ Màríà” kan ràn mí lọ́wọ́.