Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní kí n tà fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù

Ẹ bá mi kí láptọ́ọ̀pù mi kú oríire o! RAM (mẹ́mọ́rì ẹ̀) 4GB, graphics tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀ jẹ́ Intel HD 3000 tó jáde ní 2011, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ní kí n lọ tà á fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Géèmù bọ́ọ̀lù PES 2013 ṣá ni mo fẹ́ gbá lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kàn ń há ni, ìdí ẹ̀ á gbóná jan-in jan-in.

Mo bá gbé e lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Tàkíé. Wọ́n tú ìdí ẹ̀, háà, eruku ti dì mọ́ fáànù bí òwú! Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, wọ́n ha paste tó ń gbé ooru kúrò, tó ti gbẹ gan-an, kúrò lórí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), wọ́n fi tuntun sí i. Wọ́n ní, "Àbúrò, tó bá ti gbóná jù, fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná." Wọ́n wá fi RAM 4GB míì sí ihò kejì, torí graphics yẹn ò ní mẹ́mọ́rì tiẹ̀, ara RAM ló ti ń yá lò, tí RAM bá sì ti di méjì, ọ̀nà á fẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo délé mo fà resolution (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) wálẹ̀ sí 800x600, mo pa òjìji inú géèmù, mo ti Chrome, mo ki wáyà iná bọ̀ ọ́ torí kì í lo gbogbo agbára ẹ̀ lórí bátìrì (tí NEPA bá gbà fún wa ṣá). Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ò mọ́ o, kò kàn mí, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ geere.

Àbúrò mi ti nà mí 4-1, ó ní kí n wá àwáwí míì.