Orúkọ tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń jogún

Ìlà kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù báńkì tó ń dá ìjà ogún sílẹ̀ ní Nàìjíríà ju bí èèyàn ṣe rò lọ: next of kin. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ á gbà pé òun ni báńkì máa kó owó fún tí olówó bá jáde láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Next of kin ni ẹni tí báńkì, ọsibítù tàbí ibiṣẹ́ máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ipò yẹn nìkan kò sọ ọ́ di àjogún. Orúkọ àbúrò lè wà nínú fọ́ọ̀mù fún ogún ọdún, kí owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ, kó má sì sí ohun tí àbúrò lè fi òfin ṣe sí i.

Ti adójútòfò ẹ̀mí (life insurance) yàtọ̀. Beneficiary ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín yàn pé kí wọ́n san owó fún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà ni owó náà sì ń lọ. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń fi ìkánjú kọ orúkọ kan síbẹ̀, wọn ò sì ní wò ó mọ́. Wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n ti bímọ mẹ́ta, orúkọ ìyá wọn tó ti kú ló ṣì wà nínú ìwé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó tó yẹ kó jáde wéréwéré á padà sínú ogún, ẹbí á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ ní kóòtù. Ẹ kọ orúkọ ẹni kejì tó máa gbà á bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kú ṣáájú yín. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ ìdá tó jẹ́ ti oníkálukú, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì pé ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ yan àgbàlagbà tó máa bá a tọ́jú owó náà. Orúkọ gbọ́dọ̀ bá ti NIN àti BVN mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó ń jẹ́ Bọ́lá nílé, tí ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Omobolanle, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá affidavit (ìwé ìbúra ní kóòtù) nígbà tó yẹ kó máa ṣọ̀fọ̀.

Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀ rárá. Pension Reform Act ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan pé kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń gba ₦250,000 lóṣù, ₦3,000,000 nìyẹn lọ́dún; ₦9,000,000 ló yẹ kó jáde nígbà tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni owó yìí, ọ̀tọ̀ ni èyí tó wà nínú RSA, akáǹtì owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, lọ́dọ̀ PFA, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá san premium, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún iléeṣẹ́ adójútòfò, òun ni yóò wá bó ṣe máa san owó náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba "a kì í ṣe irú ẹ̀ níbí" lẹ́nu ọ̀gá ibiṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n bu ọwọ́ lu ẹ̀dà yín pé àwọn gbà á.

Nípa adójútòfò fúnra rẹ̀, òfin tuntun ti dé. Nigerian Insurance Industry Reform Act tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti gba ipò Insurance Act ti 2003. Iye owó tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kó tó lè máa ṣiṣẹ́ ni ìwé ìròyìn ń pariwo: bílíọ̀nù 10 náírà fún iléeṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí, bílíọ̀nù 15 fún àwọn tó ń ṣe ti mọ́tò, ilé àti ọjà, bílíọ̀nù 35 fún àwọn tó ń dójú tòfò fún iléeṣẹ́ adójútòfò ẹlẹgbẹ́ wọn. Bílíọ̀nù 2, 3 àti 10 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. 30 oṣù Keje ọdún 2026 ni gbèdéke tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, fún wọn láti ní iye tuntun yìí. Ohun tó kan ẹni tó ń san premium nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irú òfin báyìí máa ń mú kí iléeṣẹ́ dà pọ̀ mọ́ra wọn, kí àwọn mìíràn sì kógbá sílé. Bí orúkọ iléeṣẹ́ yín bá yí padà, ẹ béèrè lẹ́tà tó sọ pé policy (ìwé àdéhùn adójútòfò) yín ṣì wà láàyè, nọ́ńbà rẹ̀, àti orúkọ beneficiary tó wà lọ́wọ́ wọn. Òfin náà tún dá àpò owó kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà tí iléeṣẹ́ wọn bá wó. Ìyẹn kò wúlò fún ẹni tó jẹ gbèsè premium o: owó tí ẹ ò bá tíì san kò ní ààbò kankan tó ń fún yín.

Ká padà sórí ogún. Bí olóògbé kò bá ṣe ìhágún (will), ohun àkọ́kọ́ tí kóòtù máa béèrè ni irú ìgbéyàwó tó ṣe. Tó bá jẹ́ ti rẹ́jísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, òfin Administration of Estates ti Èkó fún ọkọ tàbí ìyàwó tó kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ sì gba ìdá méjì tó kù. Ọmọ tí bàbá bí síta tó sì gbà pé òun ló ni ín wà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ẹnikẹ́ni dù ú ní ẹ̀tọ́.

Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, àṣà ló máa pín in. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí. Bàbá kan kú ní 1940 láìṣe ìhágún, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ yẹn lọ títí dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí-igi (ìpín kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) kan ṣeé lò nígbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà wà, tó sì fi í parí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe nínú owó: ìyàwó kan ní ọmọ márùn-ún, èkejì ní ẹyọ kan, dúkìá jẹ́ mílíọ̀nù 60. Nídìí-igi, ọmọ ẹyọ kan yẹn gba mílíọ̀nù 30, àwọn márùn-ún yòókù gba mẹ́fà mẹ́fà. Lórí-ò-jorí, mẹ́wàá mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tó ní ọmọ púpọ̀ ló máa ń pariwo orí-ò-jorí.

Opó ńkọ́? Nínú ìṣirò méjèèjì yìí, kò sí ohun tó kàn án. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Akinnubi ní 1997 pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi, òun náà ló sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹjọ́ Ukeje àti Anekwe ti oṣù Kẹrin 2014, tó gbèjà ẹ̀tọ́ obìnrin sí ogún, tu opó nínú, àmọ́ àṣà Igbo ni àwọn ẹjọ́ yẹn dá lé lórí. Ọkọ tó bá fẹ́ kí ìyàwó tó fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ rí nǹkan mú, kó ṣe ìhágún, tàbí kó fi orúkọ rẹ̀ sínú policy.

Ìhágún kò le, ṣùgbọ́n kékeré ló ń bà á jẹ́. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n rí oníwèé bó ṣe ń bu ọwọ́ lù ú, kí àwọn náà sì bu ọwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Kí ọ̀kan wá láàárọ̀, kí èkejì wá nírọ̀lẹ́, ìwé yẹn ti bàjẹ́. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún nínú ìwé kan náà pàdánù ẹ̀bùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ìyàwó tàbí ọkọ ẹlẹ́rìí. Ìhágún fúnra rẹ̀ dúró. Ẹ má ṣe fi báírò fa ìlà lé orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí ẹ ti bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tó bá sì lọ ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísírì lẹ́yìn tó ti kọ ìhágún, ìhágún yẹn ti wọmi. Mùsùlùmí tó wà ní Kwárà tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: nínú ẹjọ́ Ajibaiye, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2007 pé ìhágún Mùsùlùmí níbẹ̀ kò lè ta ko Sharia, níbi tí wàsíyyà, ìyẹn ìhágún Mùsùlùmí, kì í ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá. Ilẹ̀ tí ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín jọ jogún lọ́wọ́ bàbá kò ṣeé hágún, torí kì í ṣe tiyín nìkan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ fi káàdì ATM olóògbé sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ PIN tó lọ fa owó ìsìnkú yọ ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà, torí kò tíì ní àṣẹ, àwọn àjogún yòókù sì lè ní kó ṣírò rẹ̀ fún wọn títí dé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ gba ìwé-ẹ̀rí ikú, ẹ kọ gbogbo dúkìá sílẹ̀, ẹ gba lẹ́tà iye owó tó wà ní báńkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó lọ sí Probate Registry, ẹ̀ka kóòtù tó ń fúnni ní àṣẹ lórí dúkìá olóògbé. Tí ìhágún bá wà, probate ni wọ́n ń gbà, àṣẹ láti fi ìhágún náà pín dúkìá. Tí kò bá sí, letters of administration ni, àṣẹ láti bójú tó dúkìá ẹni tí kò ṣe ìhágún, àwọn tó máa ṣàbójútó kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Akáǹtì tí ẹ bá gbàgbé á dá yín padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má ṣe tà á kí executor, ẹni tí ìhágún yàn láti pín dúkìá, tó ṣe Deed of Assent, ìwé tó ń fi ilẹ̀ náà lé ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí tó tà á láìsọ fún àwọn àgbà ilé ti ta ohun tí kóòtù lè dá padà. Àwọn ọmọ ilé tó tà á láìsí olórí ẹbí kò ta nǹkan kan rárá.

Ẹni tó bá ní àtakò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ìwé àṣẹ, kó sáré lọ fi caveat (ìwé àtakò) sílẹ̀ ní Registry kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta ni caveat ń gbé ní Èkó. Tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yanjú, kí ó tún un ṣe kó tó pé.