Ìró onísípù

Àná ni ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, wọ́n gbé aṣọ òkè ẹtù dání nínú náílọ̀nù. Ọmọ wọn ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé.

"Ìyá Ìbejì, ọwọ́ ń ro mí. Mi ò lè so ìró le mọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. A ó fi sípù sí i."

Bí wọ́n ṣe jáde ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, "Àńtí, ìyẹn kì í ṣe ìró gidi o."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ìyá wa nídìí aṣọ rírán, Shade Thomas-Fahm, tí wọ́n bí ní 1933, ni mo ń wò tí mo fi kọ́ṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n bá lọ sí London, aṣọ ló gba ọkàn wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó ní 1960, tí aṣọ òyìnbó gbayì, àdìrẹ, aṣọ òkè àti akwete, aṣọ híhun àwọn Igbo, ni wọ́n ń rán. Àwọn ni wọ́n ṣe gèlè àdìsílẹ̀ àti ìró onísípù. Ìró yìí ti wà kí wọ́n tó bí èmi gan-an!

Mo sọ èyí fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán sípù ọ̀hún. Ó kọ́kọ́ lẹ sítéè, èyí tó ń mú aṣọ le, mọ́ etí aṣọ náà, torí aṣọ òkè yára tú.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, màmá wọ̀ ọ́, wọ́n fà á sókè pẹ̀lú ìka méjì péré. Wọ́n yí síwá, yí sẹ́yìn níwájú dígí. Omi bọ́ lójú mi.