Ìwé-ẹ̀rí ààbò láti PEM sí PFX: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Sáfà kékeré tí mo ń tò fúnra mi ti ní ìwé-ẹ̀rí ààbò tirẹ̀ báyìí, èyí tó ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni. Fáìlì mẹ́ta ni: ìwé-ẹ̀rí gan-an, kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀, àti ìwé-ẹ̀rí alárinà tó so ó mọ́ ìwé-ẹ̀rí gbòǹgbò tí kọ̀ǹpútà ti gbẹ́kẹ̀ lé. PEM ni gbogbo wọn, irú fáìlì tí a kọ ní lẹ́tà tí ojú lè rí: -----BEGIN CERTIFICATE----- lókè ìwé-ẹ̀rí, lẹ́tà base64 (báìtì tí a fi lẹ́tà kọ) nísàlẹ̀. Àmọ́ PFX ni kọ̀ǹpútà tí yóò lò ó ń fẹ́, tó ń kó ìwé-ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́ pọ̀ sínú fáìlì kan tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì.

DER, ìyẹn báìtì ìwé-ẹ̀rí náà gan-an láìfi lẹ́tà kọ ọ́, ni mo kọ́kọ́ fi ètò OpenSSL ṣe, torí mo fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ PEM:

openssl x509 -in safa.pem -outform DER -out safa.der

30 82 ni báìtì tó ṣáájú níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni MII tí a máa ń rí níbẹ̀rẹ̀ PEM ti wá! Mo wo ìtẹ̀ka SHA-256 (nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé-ẹ̀rí mọ̀) ti fáìlì méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé orí báìtì DER ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Aṣọ la pààrọ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò yí padà.

Lẹ́yìn náà ni PFX:

openssl pkcs12 -export -inkey safa.key -in safa.pem -certfile alarina.pem -out safa.pfx

Kọ̀ǹpútà tuntun ṣí i. Ti àtijọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ó tọ̀nà. Láti OpenSSL 3.0, tó jáde ní 2021, ọ̀nà ìtì tí wọ́n ń pè ní AES-256 ni wọ́n fi ń ti PFX bí a kò bá sọ nǹkan míì, ètò àtijọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Àṣẹ -legacy lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n RC2 oníbíìtì 40, ọ̀nà ìtì àtijọ́ tí kò lágbára, ló fi ń ti ìwé-ẹ̀rí, n kò fara mọ́ ọn. Mo fi èyí kún àṣẹ PFX òkè yẹn dípò rẹ̀, kí ọ̀nà ìtì 3DES lè ti ìwé-ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́:

-certpbe PBE-SHA1-3DES -keypbe PBE-SHA1-3DES -macalg SHA1

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ṣí i. 3DES ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju RC2 yẹn lọ fíìfíì, mo sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn kún un.

Ètò Java kan ṣì kù. Láti Java 9, PKCS12 (orúkọ mìíràn fún PFX) ni keytool, ètò Java tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ń ṣe bí a kò bá bèèrè JKS, irú fáìlì àtijọ́ ti Java, nítorí náà PFX yìí náà ni n ó fún un. P7B, irú fáìlì ìwé-ẹ̀rí mìíràn, kò wúlò fún mi, kì í gbé kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Èyí tó kàn ni láti dá PFX padà sí PEM. Àṣẹ -noenc máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìtì í, torí náà umask 077 ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹlòmíràn má lè ka fáìlì náà.